Ìgbà wo là ń kọ 'f, ìgbà wo là ń kọ #'f nínú Lisp?

Ẹni tó bá ń kọ́ Common Lisp tàbí Emacs Lisp (ẹ̀yà méjì lára èdè ìkọ̀wé ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Lisp) kì í pẹ́ kó tó rí i pé àwọn kan ń kọ `(mapcar 'f x)`, tí àwọn mìíràn ń kọ `(mapcar #'f x)`, tí èsì kan náà sì ń jáde. (`mapcar` máa ń lo function kan lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àtòjọ.) Á wá rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni àmì `#` yẹn. Á máa fi sí i, á máa yọ ọ́ bó ṣe wù ú, títí ọjọ́ tí kóòdù rẹ̀ yóò fi jẹ́ iṣẹ́ tí kò rán an. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ti lè kọ `defun`, tó mọ bí wọ́n ṣe ń pe function, àmọ́ tí àmì àyọlò (`'`) ṣì ń dà láàmú. Ẹ má kàn kà á kọjá. Ẹ tẹ kóòdù kọ̀ọ̀kan sórí kọ̀ǹpútà yín kí ẹ fi ojú ara yín rí èsì rẹ̀.

Ohun tí ẹ máa lò

Fún Common Lisp, SBCL, ètò kan tó ń mú kóòdù Common Lisp ṣiṣẹ́, ni mo máa lò. Lórí Ubuntu tàbí Debian:

```
sudo apt install sbcl
```

Ẹ tẹ `sbcl` nínú terminal. Bí ẹ bá ti rí ìràwọ̀ kékeré yìí, `*`, SBCL ń dúró de ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Ohun kan wà tó máa ń dẹ́rù ba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: bí àṣìṣe bá ṣẹlẹ̀, SBCL á da ọ̀rọ̀ púpọ̀ sójú yín, ìràwọ̀ yẹn á sì di `0]`. Kò bàjẹ́. Ó ń bi yín léèrè ohun tí ẹ fẹ́ ṣe ni. Ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó tò sílẹ̀, ẹ tẹ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ `ABORT`, ẹ ó sì padà síbi tí ẹ wà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jáde pátápátá, `(exit)` ni.

Fún Emacs Lisp, ẹ ṣí Emacs, ẹ tẹ `M-x ielm` (ẹ di Alt mú kí ẹ tẹ x, kí ẹ wá kọ ielm); ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa tẹ kóòdù. Ẹni tó jẹ́ pé fóònù Android nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi Termux sí i, kó tẹ `pkg install emacs` nínú rẹ̀; apá tó kan Emacs nínú ìtọ́sọ́nà yìí á ṣiṣẹ́ fún un dáadáa.

Ẹ máa rí i pé orúkọ Yorùbá ni mo fún àwọn function mi, ṣùgbọ́n mi ò fi àmì ohùn sí wọn lórí. Ó nídìí. Kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ «é» gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan ṣoṣo, kí òmíràn kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí «e» tí wọ́n gbé àmì lé lórí. Ojú wa kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n jẹ́ lójú Emacs. Ẹni tó bá kó sí irú wàhálà yẹn lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ rí i pé orúkọ kan ní àyè méjì

Ẹ tẹ èyí sínú SBCL:

```lisp
(defun iye (x) (* x 2))
(defparameter iye 50)
(iye iye)
```

100 ló máa jáde. Ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn dáadáa. `iye` fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀, ohun tó ń tọ́ka sí sì yàtọ̀. Èyí tó wà níwájú nínú àkámọ́ jẹ́ function. Èyí tó tẹ̀lé e jẹ́ variable tó di 50 mú. Kò sí ìjà láàárín wọn, torí pé nínú Common Lisp, orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àyè kan tí wọ́n ń fi function sí, ó sì ní òmíràn tí wọ́n ń fi iye variable sí. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú Emacs Lisp. (Àwọn tó mọṣẹ́ kì í kọ variable gbogbogbòò báyìí o, wọ́n máa ń fi ìràwọ̀ sí i lápá méjèèjì, `*iye*`. Mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni kí orúkọ méjèèjì lè bára dọ́gba.)

Gbogbo ohun tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí wá láti ibí. Lisp máa ń wo ipò tí orúkọ wà kó tó mọ àyè tó máa yẹ̀ wò. Bí orúkọ bá wà níwájú nínú àkámọ́, àyè function ló máa lọ. Bó bá wà níbòmíràn, àyè variable ni. Ẹ dán an wò:

```lisp
(defun ilopo-meji (x) (* x 2))
(ilopo-meji 7)
ilopo-meji
```

Ìlà kejì fún yín ní 14. Ìlà kẹta mú àṣìṣe wá: `The variable ILOPO-MEJI is unbound.` Function náà wà níbẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lò ó tán ni, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò sí níwájú àkámọ́, nítorí náà àyè variable ni Lisp lọ, kò sì bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí èyí kì í fi í ṣiṣẹ́:

```lisp
(mapcar ilopo-meji '(1 2 3))
```

Ẹni tó ti Python tàbí JavaScript wá ló sábà máa ń kọ ọ́ báyìí, torí pé níbẹ̀, orúkọ function nìkan ti tó. Nínú Common Lisp, a ní láti sọ fún un pé àyè function ni kó lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ mọ ohun tí àmì méjèèjì ń ṣe

Ìkékúrú ni àwọn méjèèjì. Bí Lisp bá rí `'x`, ó máa kà á sí `(quote x)`. Bó bá rí `#'x`, ó máa kà á sí `(function x)`. Ẹ kọ ọ́ ní gígùn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé kò sí idán níbẹ̀:

```lisp
(quote ilopo-meji)
(function ilopo-meji)
```

Èkíní dá `ILOPO-MEJI` padà. Lẹ́tà ńlá ni Common Lisp máa ń sọ orúkọ dà, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Orúkọ lásán ni ohun tí ẹ gbà yìí, èyí tí Lisp ń pè ní symbol. `quote` ní kí Lisp fi ohun tó tẹ̀lé e sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ `'(1 2 3)` bí a bá fẹ́ àtòjọ nọ́ńbà: bí kò bá sí àmì náà, Lisp á rò pé function kan wà tó ń jẹ́ 1.

Èkejì dá `#<FUNCTION ILOPO-MEJI>` padà. Èyí kì í ṣe orúkọ mọ́. Function náà gan-an ni, ohun tí a lè pè tààrà.

Ní báyìí, ẹ gbìyànjú méjèèjì pẹ̀lú `mapcar`:

```lisp
(mapcar #'ilopo-meji '(1 2 3))
(mapcar 'ilopo-meji '(1 2 3))
```

`(2 4 6)` ni ẹ rí lẹ́ẹ̀mejèèjì. Ohun tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí. Ẹ̀kejì ṣiṣẹ́ torí pé `mapcar`, `funcall`, `apply`, `sort` àti àwọn bíi tiwọn máa ń gba orúkọ náà: bí ẹ bá fún wọn ní symbol, wọ́n á fúnra wọn lọ wo function gbogbogbòò tó ń jẹ́ orúkọ yẹn. Wọ́n ń ràn yín lọ́wọ́ ni. Ìrànlọ́wọ́ yẹn sì ní ibi tó mọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ má fi #' sí orúkọ tó ti jẹ́ variable

Kí n tó dé ibi tí `'` àti `#'` ti ń yapa, mo fẹ́ mú àṣìṣe kan kúrò lọ́nà, torí òun ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ nípa `#'`. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ohun gbogbo.

Ẹ jẹ́ ká kọ function kan tó gba function mìíràn, tó sì lò ó lẹ́ẹ̀mejì lórí nọ́ńbà kan. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ṣe máa kọ́kọ́ kọ ọ́:

```lisp
(defun lo-leemeji (f x)
  (f (f x)))
```

SBCL á kìlọ̀ fún yín lójú ẹsẹ̀. Á ní òun kò mọ function kankan tó ń jẹ́ `F`, á sì tún ní ẹ dá variable `F` sílẹ̀ ẹ ò lò ó. Òótọ́ ló sọ lórí méjèèjì. `f` tí ẹ kọ sínú àkámọ́ `defun` bọ́ sí àyè variable, bí gbogbo ohun tí à ń fún function. `f` tí ẹ kọ síwájú nínú `(f x)` ní tirẹ̀ ń wá àyè function. Wọn ò pàdé.

Bó ṣe yẹ nìyí, pẹ̀lú `funcall`, tó máa ń pe function tí a bá fún un:

```lisp
(defun lo-leemeji (f x)
  (funcall f (funcall f x)))

(lo-leemeji #'ilopo-meji 5)
```

20 ló jáde. Ẹ wo ibi tí `#'` wà àti ibi tí kò sí. Níta, níbi tí a ti ń pe `lo-leemeji`, a kọ `#'ilopo-meji` torí pé `ilopo-meji` jẹ́ orúkọ tí `defun` fún function. Nínú lọ́hùn-ún, `f` lásán la kọ, torí pé variable ni, ó sì ti di function mú tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá kọ `(funcall #'f x)` nínú lọ́hùn-ún, ẹ ti tún rán Lisp lọ sí àyè function, kò sì ní bá `f` kankan níbẹ̀. Bákan náà, `(mapcar f atojo)` ló tọ́ nígbà tí `f` bá jẹ́ ohun tí wọ́n fún function yín.

Ẹ bi ara yín léèrè: ta ló fún orúkọ yìí ní ohun tó dì mú? Bó bá jẹ́ `defun`, `flet` tàbí `labels` (méjì tó kẹ́yìn ń dá function sílẹ̀ fún inú àkámọ́ wọn nìkan), ẹ lo `#'`. Bó bá jẹ́ `let`, `defvar`, `defparameter` tàbí àkámọ́ tó wà lẹ́yìn orúkọ function, ẹ kọ ọ́ lásán.

Àǹfààní tí wàhálà yìí ń mú wá náà wà. Nínú Common Lisp, ẹ lè pe variable yín ní `list` láì ba function `list` jẹ́. Nínú Scheme, tí kò ní ju àyè kan lọ, ẹ máa rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń kọ `lst` kiri kí wọ́n má baà bo function náà mọ́lẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wo ibi tí orúkọ kò ti lè dé

Ẹ tẹ èyí:

```lisp
(flet ((ilopo-meji (x) (* x 200)))
  (list (funcall 'ilopo-meji 3)
        (funcall #'ilopo-meji 3)))
```

Èsì rẹ̀ ni `(6 600)`. `flet` dá `ilopo-meji` mìíràn sílẹ̀, èyí tí kò wà ju inú àkámọ́ rẹ̀ lọ. `#'` rí i, torí pé ó ń wo ibi tí a kọ ọ́ sí, ó sì ń mú function tó súnmọ́ ọn jù. `'` kò rí i rárá. Orúkọ lásán ló gbé fún `funcall`, `funcall` sì lọ wo function gbogbogbòò tó ń jẹ́ orúkọ náà, ó sì mú èyí tí a fi `defun` kọ.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àṣìṣe kankan kò jáde. Bí kò bá sí `ilopo-meji` gbogbogbòò, ì bá dáa, torí pé Lisp ì bá pariwo pé function náà kò sí. Èyí tó burú ni kí orúkọ kan náà wà níta àti nínú, kí kóòdù máa lo èyí tí ẹ ò rò láìsọ̀rọ̀. Nínú ètò gígùn, ó lè pẹ́ kéèyàn tó fura pé `'` kan ló fà á. Nítorí èyí nìkan, mo máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi mí pé kó jẹ́ kí `#'` mọ́ ọn lọ́wọ́, kó sì fi `'` sílẹ̀ fún ìgbà tó bá nídìí.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ mọ ìgbà tí `'` dára jù

Ìdí náà wà, àkókò ló sì kàn. Ẹ fi function kan náà pamọ́ ní ọ̀nà méjì:

```lisp
(defparameter *oye* 'ilopo-meji)
(defparameter *eni* #'ilopo-meji)
```

Lẹ́yìn náà, ẹ tún function náà kọ:

```lisp
(defun ilopo-meji (x) (list 'tuntun (* x 2)))
```

SBCL á kìlọ̀ pé ẹ ń tún ohun tó ti wà kọ. Ẹ jẹ́ kó máa wí. Ẹ wá pe méjèèjì:

```lisp
(funcall *oye* 5)
(funcall *eni* 5)
```

Èkíní fún yín ní `(TUNTUN 10)`. Èkejì fún yín ní 10.

Bí ẹ bá kọ lẹ́tà sí «Aláàfin Ọ̀yọ́», ẹni tó bá wà lórí ìtẹ́ lọ́jọ́ tí lẹ́tà dé ààfin ni yóò gbà á. Bí ó bá jẹ́ orúkọ àbísọ ọba tó wà níbẹ̀ lónìí lẹ kọ sí i, òun náà ni lẹ́tà á máa wá, kódà bí oyè bá ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí tí mo fi pe variable méjèèjì ní `*oye*` àti `*eni*` nìyẹn. Oyè ni `'ilopo-meji`. Ẹni tó wà lórí oyè lásìkò tí ẹ pe `#'` ni `#'ilopo-meji`, a sì ti di ẹni náà mú.

Níbo lèyí ti wúlò? Ẹ ká ní ẹ ní ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró, bí èyí tó ń dáhùn ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ sì ti fi function kan lé e lọ́wọ́ pé òun ni kó máa pè nígbà tí ìbéèrè bá dé. Bó bá jẹ́ `#'` lẹ fi fún un, tí ẹ wá tún function náà kọ, ti àtijọ́ ni ètò náà á ṣì máa lò, ẹ ó sì máa béèrè ìdí tí àtúnṣe yín kò fi hàn. Bó bá jẹ́ `'`, àtúnṣe yín á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀ láìdá ètò náà dúró.

Ẹ má wá tìtorí èyí sá fún `#'`. Ibi tí a bá ti fi function *pamọ́* nìkan ni ìyàtọ̀ yìí ti ń jáde. Bí ẹ bá kọ `(mapcar #'ilopo-meji x)` sínú function mìíràn, gbogbo ìgbà tí Lisp bá dé ìlà yẹn ló máa tún un wò, nítorí náà ìkọ tuntun ni yóò bá níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ má fi `'` sí lambda, láéláé

Function tí kò lórúkọ ni `lambda`. Nínú Common Lisp òde òní, méjì yìí kò yàtọ̀ síra:

```lisp
(mapcar (lambda (x) (* x 3)) '(1 2 3))
(mapcar #'(lambda (x) (* x 3)) '(1 2 3))
```

`lambda` fúnra rẹ̀ jẹ́ macro (ohun tó ń sọ ara rẹ̀ di kóòdù mìíràn kí Lisp tó ṣírò rẹ̀), ó sì máa ń fi `function` kún ara rẹ̀. `#'` tí ẹ bá rí níwájú `lambda` nínú kóòdù àtijọ́ kò pọn dandan mọ́ láti ìgbà tí ìlànà ANSI ti jáde ní 1994. Kò ṣèpalára, mo kàn rò pé ó ń dí ojú ni.

`'(lambda (x) (* x 3))` ló léwu. Nínú Common Lisp, àṣìṣe ló máa mú wá, torí pé àtòjọ ni ẹ fún `mapcar`, ẹ ò fún un ní function. Nínú Emacs Lisp ẹ̀wẹ̀, ó máa ń ṣiṣẹ́, kódà ní Emacs 30, kí kóòdù àtijọ́ má baà bàjẹ́. Ṣíṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ yẹn gan-an ni ìdẹkùn. Ẹ tẹ èyí sínú ielm:

```lisp
(defun alafikun-buburu (n)
  '(lambda (x) (+ x n)))

(funcall (alafikun-buburu 10) 5)
```

`Symbol's value as variable is void: n`. Àtòjọ tí ẹ fi àmì àyọlò dè kò mọ `n` tó wà láyìíká rẹ̀. Ó gbé lẹ́tà `n` jáde, ó fi 10 sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ yọ `'` kúrò:

```lisp
(defun alafikun (n)
  (lambda (x) (+ x n)))

(funcall (alafikun 10) 5)
```

15 nìyẹn. Bí ẹ bá kọ ọ́ sínú fáìlì, ìlà àkọ́kọ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní `-*- lexical-binding: t; -*-`, èyí tí Emacs 24 mú wá ní 2012, láìsí i, `lambda` tó tọ́ pàápàá lè má rántí `n`.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. John McCarthy bẹ̀rẹ̀ Lisp ní MIT ní 1958, nígbà tí ìwé ìlò LISP 1.5 sì fi máa jáde ní 1962, `FUNCTION` ti wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ `QUOTE`. Ìṣòro kan náà ni wọ́n fi ń yanjú: function tí a gbé kúrò níbi tí a ti kọ ọ́, tó sì ń pàdánù àwọn variable tó fi sẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 7: Nínú fáìlì ìtò Emacs yín (`init.el`)

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń bá `#'` pàdé, pàápàá àwọn tí kò gbèrò àtikọ́ Lisp rí, tí wọ́n kàn fẹ́ kí Emacs wọn máa ṣe bí wọ́n ṣe fẹ́.

```lisp
;;; -*- lexical-binding: t; -*-
(add-hook 'text-mode-hook #'visual-line-mode)
(add-hook 'prog-mode-hook #'display-line-numbers-mode)
(keymap-global-set "C-c m" #'calendar)
```

(`keymap-global-set` nílò Emacs 29 sókè.) Hook ni variable tó di àwọn function tí Emacs máa ń pè nígbà kan pàtó mú. Nínú ìlà kejì, `text-mode-hook` gba `'` torí pé orúkọ variable ni: `add-hook` fẹ́ mọ variable tó máa fi nǹkan kún, kò fẹ́ ohun tó wà nínú rẹ̀. `visual-line-mode` gba `#'` torí pé function ni.

Ẹ wá tẹ `#'car` sínú ielm. `car` lásán ló dá padà! Nínú Emacs Lisp, `#'` tó wà níwájú orúkọ function gbogbogbòò máa ń dá orúkọ náà gan-an padà. Nítorí náà, ohun tí mo sọ ní ìgbésẹ̀ 5 kò rí bẹ́ẹ̀ níbí: bí ẹ bá tún function yín kọ, hook á lo tuntun, ì báà jẹ́ `'` tàbí `#'` lẹ kọ. Ti ìgbésẹ̀ 4 ṣì dúró fún `cl-flet`, ìyẹn `flet` ti Emacs.

Kí wá ni àǹfààní rẹ̀? Compiler (ohun tó ń yí kóòdù padà kó tó ṣiṣẹ́) ló ń jẹ ẹ́. Ẹ ṣi orúkọ kan kọ, bí `#'visual-lne-mode`, ẹ fi fáìlì náà pamọ́, kí ẹ tẹ `M-x byte-compile-file`. Emacs á kìlọ̀ pé òun kò mọ function tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i padà sí `'visual-lne-mode`, compiler á dákẹ́, torí pé orúkọ tí wọ́n fi àmì àyọlò dè lè jẹ́ orúkọ ohunkóhun. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣí fáìlì kan ni ẹ ó tó mọ̀. Fún èmi, ìdí kan yìí ti tó láti máa kọ `#'` nínú Emacs.

Lórí hook, bí iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe bá ju ìlà kan lọ, ẹ fún un lórúkọ pẹ̀lú `defun` dípò kí ẹ ti `lambda` gígùn bọ `add-hook`. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́ kúrò lọ́la, `remove-hook` kò ní ohun tó rọrùn láti dì mú lára `lambda`.

Àwọn ibi tí `#'` kò wọ̀

Macro kì í ṣe function, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ohun tí Lisp dìídì mọ̀ fúnra rẹ̀, bíi `if`. `(apply #'and '(t t nil))` kò lè ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni `#'when` àti `#'if`. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtítọ́ ni gbogbo ohun tó wà nínú àtòjọ, ẹ kọ `(every #'identity '(t t nil))` nínú Common Lisp, tàbí `seq-every-p` dípò `every` nínú Emacs. `+` ní tirẹ̀ jẹ́ function bí àwọn yòókù, nítorí náà `(apply #'+ '(1 2 3))` á fún yín ní 6 láìjanpata.

Apẹẹrẹ kan tó kó `#'` méjì pọ̀, èyí tí ẹ ó máa lò dáadáa:

```lisp
(sort (list "Abeokuta" "Oyo" "Ibadan") #'< :key #'length)
```

Common Lisp á tò wọ́n bí wọ́n ṣe gùn tó: `("Oyo" "Ibadan" "Abeokuta")`. Mo kọ `(list ...)` níbẹ̀, mi ò kọ `'(...)`, torí pé `sort` máa ń tú àtòjọ tí ẹ fún un ká, kò sì yẹ ká tú ohun tí a fi àmì àyọlò kọ sínú kóòdù.

Bí ẹ ṣe máa fi àṣìṣe mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Bí SBCL bá ní `The variable ... is unbound`, tàbí tí Emacs ní `Symbol's value as variable is void`, tí orúkọ tó dá sì jẹ́ ti function, ẹ gbàgbé `#'` ni. Bó bá ní function náà kò sí (`Symbol's function definition is void` nínú Emacs), nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò, ní títẹ̀léra: ṣé ẹ kọ orúkọ náà dáadáa, ṣé ẹ fi `#'` sí variable, tàbí ẹ kọ variable síwájú àkámọ́ láìlo `funcall`, ṣé `flet` tàbí `labels` ló dá function náà sílẹ̀, tí ẹ wá fi `'` pè é. Bí èsì bá jáde láìsí àṣìṣe ṣùgbọ́n tó jẹ́ ti àtijọ́, ẹ wá ibi tí ẹ ti fi `#'` pamọ́ sínú variable.

Ẹni tó bá sì ń ti ibí lọ sí Lisp mìíràn, kó fi àṣà yìí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Nínú Scheme, `(map ilopo-meji '(1 2 3))` ti tó. `#'` níbẹ̀, nínú Racket àti Guile, ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tó jẹ́ ti àwọn tó ń kọ macro. Nínú Clojure, orúkọ lásán ti tó náà. `#'f` wà níbẹ̀, àmọ́ ohun tó ń dá padà ni Var, èyí tó máa ń lọ wo ìkọ tuntun nígbàkígbà tí a bá pè é, ìyẹn òdìkejì ohun tó ń ṣe nínú Common Lisp. Bí ẹ bá sì fi `'f` fún `map` níbẹ̀, pẹ̀lú àtòjọ nọ́ńbà, kò ní pariwo rárá. Clojure máa ń lo symbol láti fi wá ara rẹ̀ nínú ohun tí ẹ fún un, kò sì ní rí i nínú nọ́ńbà, nítorí náà `nil` ni yóò kún inú èsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.